Okùn Ẹnu Ìwọ̀ fún Kútà àti Àwọn Ẹja Eléyín Mímú

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin olùrà irè oko, ẹ mọ̀ pé àpò tí ó ya ní ìsàlẹ̀ a máa sọ iṣẹ́ ọdún kan nù kí kókó tó dé orí òṣùwọ̀n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí nínú iṣẹ́ ẹja pípa. Apẹja lè ní ọkọ̀ tí ó dára, ìjẹ tútù àti okùn gígùn tí ó yi. Ṣùgbọ́n bí okùn kúkurú tí ó so ìwọ̀ mọ́ okùn gígùn náà kò bá yẹ, asán ni gbogbo rẹ̀. Okùn kúkurú yìí ni a ń pè ní okùn ẹnu ìwọ̀ nínú àlàyé yìí, nítorí òun ni ó ń wọ ẹnu ẹja pẹ̀lú ìwọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ènìyàn wa tí ó wà ní òkèèrè pẹ̀lú. Plaine Orety jẹ́ àdúgbò kan ní Libreville, olú-ìlú ilẹ̀ Gabon. Ọdún 1849 ni a dá ìlú náà sílẹ̀ fún àwọn ẹrú tí a dá nídè, ó sì tò lọ ní etí ẹnu odò Komo, níbi tí omi dídùn ti ń pàdé omi òkun. Àwọn ará Nàìjíríà, Benin, Togo àti Ghana pọ̀ nínú àwọn tí ń pa ẹja níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ń gbé ní Plaine Orety, tí ó sì ń san owó ṣáájú fún apẹja kí ó lè rí ẹja yan, àdánù okùn tí ó já kan òun náà.

Eyín ẹja ni kí a kọ́kọ́ wò

Nọ́ńbà tí a kọ sí ara ìdì okùn, bí kílò 20 tàbí kílò 40, ń sọ ìwọ̀n ẹrù tí okùn lè gbé kí ó tó já. Kò sọ ohun kan nípa eyín. Okùn tí ó lè gbé àpò kókó kan, ọ̀bẹ kékeré lè gé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nítorí náà, kí a tó ra okùn, kí a bèèrè irú ẹja tí a ń lépa.

Kútà ni ó burú jù nínú àwọn tí a mọ̀ dáadáa ní Èkó àti ní Libreville. Èyí tí ó dàgbà lè gùn tó mítà 2. Àgbọ̀n rẹ̀ ìsàlẹ̀ yọ síwájú ju ti òkè lọ, eyín rẹ̀ gùn, ó sì mú, ó sì lè gé ẹja kékeré sí méjì ní ìgbà kan. Ẹja tí àwọn tí ń sọ èdè Faransé ń pè ní thazard ní eyín kéékèèké tí ó tò bí ti ayùn. Àkùràkudà ní eyín, awọ ara rẹ̀ sì tún ń họ okùn bí ìwé ìfági. Ṣùgbọ́n tarpon kò ní eyín gígùn. Ẹnu rẹ̀ ni ó rí ṣákáṣàka bí ayùn ìpọ́nrin, ó sì ń jẹ okùn díẹ̀díẹ̀.

Ohun mẹ́rin tí a lè lò

Èkíní ni náílọ́ọ̀nù, tí Wallace Carothers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1935. Kò wọ́n, ó sì rọrùn láti ta ní kókó. Ṣùgbọ́n ó ń mu omi, oòrùn ń sọ ọ́ di aláìlágbára, eyín kútà sì ń gé e. Èyí tí ó nípọn dára fún tarpon, kì í ṣe fún kútà.

Èkejì ni fluorocarbon, tí ilé iṣẹ́ Kureha ní Japan kọ́kọ́ fi ṣe okùn ẹja ní ọdún 1971. Ó le ju náílọ́ọ̀nù lọ, kì í mu omi, ó ń rì, ẹja kì í sì í tètè rí i nínú omi tí ó mọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé eyín kì í gé e; ó kàn ń pẹ́ díẹ̀ ni.

Ẹ̀kẹta ni wáyà ẹyọ kan tí kì í dípẹtà. Òun ni ó tín-ín-rín jù ní ìwọ̀n agbára rẹ̀, eyín kútà kò sì lè gé e. A kì í ta á ní kókó. A ń lọ́ ọ mọ́ ara rẹ̀ ni. Àléébù rẹ̀ ni pé bí ó bá ká kò, ibẹ̀ ni yóò ti dá. Wáyà tí ó ti ká kò, ẹ má ṣe nà án, ẹ jù ú nù.

Ẹ̀kẹrin ni wáyà tí a fi fọ́nrán méje lọ́ pọ̀. Ó rọ̀, kì í tètè ká kò, a sì ń fi ìdè irin kékeré tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ṣùgbọ́n eyín lè máa já fọ́nrán rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fi ọ̀rá bò ó, ìpẹtà lè sápamọ́ sábẹ́ ọ̀rá náà.

Wáyà tí a fi ń di irin ilé, àti wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́, kò yẹ fún iṣẹ́ yìí. Omi iyọ̀ a máa jẹ wọ́n kíákíá.

Bí a ṣe ń lò ó àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀

Fún kútà àti thazard, wáyà ẹyọ kan tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 30 sí 60 tó. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ṣú dára ju èyí tí ń dán lọ, nítorí ojú ni kútà fi ń ṣọdẹ, ó sì lè bu ohun tí ń dán jẹ lókè wáyà, kí ó sì gé okùn gígùn. Fún àkùràkudà, kí wáyà náà gùn ju ẹja fúnra rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ẹja kọ̀ọ̀kan, kí apẹja fi èékánná tọ okùn ẹnu ìwọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ó bá rí ibi tí ó họ, tí ó ká, tàbí tí fọ́nrán kan já, kí ó pààrọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wé wáyà mọ́ ọwọ́ nígbà tí ẹja ńlá ń fà, nítorí ó lè gé ìka.

Ọ̀rọ̀ fún olùrà

Bí ẹ bá ń yá apẹja lówó, ẹ bèèrè okùn tí yóò lò, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń yẹ inú kókó wò kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá sì ra kútà, ẹ ṣí ẹnu rẹ̀ wò dáadáa kí ẹ tó là á fún yíyan, nítorí ìwọ̀ apẹja mìíràn lè ti kù sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Iye wáyà kan kéré púpọ̀ sí iye kútà kan ṣoṣo tí ó bọ́ lọ. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Kí apẹja àti olùrà fi ojú ṣọ́ okùn.