Ilé Àtijọ́: Ṣé Kí A Tún Un Ṣe Ni, Tàbí Kí A Wó O Kọ́ Tuntun?

Nígbà tí ilé ẹbí bá gbó, ìbéèrè yìí sábà máa ń fa àríyànjiyàn láàárín ọmọ ìyá. A fẹ́ kí ẹ̀yin olùgbé Ìpínlẹ̀ Èkó mọ̀ pé kì í ṣe páànù tó ń jò tàbí ọ̀dà tó ti ṣí ni yóò dáhùn rẹ̀. Ìpìlẹ̀, òpó àti ògiri ni.

Bí àwọn wọ̀nyí bá dúró ṣinṣin, àtúnṣe sábà máa ń dín ìnáwó kù. Ṣùgbọ́n bí ilé bá ń rì sí apá kan, tí ògiri là láti òkè dé ìsàlẹ̀, tàbí tí irin inú òpó ti dípẹtà títí kankéré fi ń ṣí kúrò, rírẹ́ ògiri kò wo àrùn náà sàn. Ṣe ló ń bò ó mọ́lẹ̀. Èyí tó léwu jù ni kíkọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé ìpìlẹ̀ tí a kò ṣe fún un.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra sìmẹ́ǹtì, ẹ pe ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN láti yẹ ilé náà wò. Irinṣẹ́ wà tí a fi ń wọn agbára kankéré láìfọ́ ọ. Bí ilé náà bá ti di ewu, ẹ kó jáde, kí ẹ sì fi tó LASBCA, àjọ tó ń mójú tó ilé kíkọ́, létí. Ọ̀dọ̀ LASPPPA ni ẹ ó ti gba àṣẹ láti kọ́ tuntun.

Ilé tó wó, a lè tún un kọ́; ẹ̀mí tó bá a lọ kò ní àtúnkọ́.