Bí A Ṣe Sọ Darandaran Di Ìgárá

Darandaran mẹ́ta ń gẹṣin lọ sí Waco, ní Texas. Ilẹ̀ ṣú mọ́ wọn lójú ọ̀nà, wọ́n sì yà sí ahéré kan lẹ́bàá òkè, níbi tí àwọn ọkùnrin tí wọn kò mọ̀ rí ti fi oúnjẹ àti àyè ìsùn lọ̀ wọ́n. Àwọn ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin kan lọ́nà ni. Blind Dick, olójú kan, ni olórí wọn. Àwọn àlejò fura, ṣùgbọ́n wọn kò sọ nǹkan kan. Àlejò kì í tú ẹrù onílé wò.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ará àdúgbò tí wọ́n sọ ara wọn di adájọ́ ti fi ìbọn yí ahéré náà ká. Wọn kò ya olè sọ́tọ̀ kúrò lára àlejò. Wọ́n yìnbọn pa Otis, ọ̀kan nínú àwọn darandaran náà. Wọ́n so àwọn olè tó kù rọ̀ sórí igi. Vern àti Wes fi ẹsẹ̀ gun òkè sá lọ.

Ride in the Whirlwind ni orúkọ fíìmù yìí. L'Ouragan de la vengeance ni wọ́n pè é ní èdè Faransé, orúkọ tí kò bá a mu rárá, nítorí kì í ṣe ìtàn ẹ̀san. Monte Hellman ló darí rẹ̀ ní agbègbè Kanab, ní Utah, ní ọdún 1965. Jack Nicholson, tí òkìkí rẹ̀ kò tíì kàn nígbà náà, ló kọ ìtàn náà, òun náà ló sì ṣe Wes. Cameron Mitchell ṣe Vern. Nǹkan bí 75,000 dọ́là péré ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì ti ya fíìmù mìíràn, The Shooting, ṣáájú rẹ̀ ní agbègbè kan náà. Ní Amẹ́ríkà, tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n tà á fún. Àwọn olólùfẹ́ sinimá ní Paris ló kọ́kọ́ mọ iyì rẹ̀.

Àìlówó náà hàn, ó sì ṣe fíìmù náà lóore. Kò sí ìlú, kò sí ilé ọtí, kò sí èrò. Àpáta àti eruku ni, pẹ̀lú ènìyàn díẹ̀ tí ó ti rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni ilé àgbẹ̀ kan tí àwọn méjèèjì sá wọ̀. Wọ́n dá Evan, ìyàwó rẹ̀ àti Abigail, ọmọ wọn obìnrin, dúró sílé. Evan ń fi àáké gé kùkùté igi kan níta. Ìró àáké náà kò dákẹ́. Àwọn àlejò kò fẹ́ ibi fún ẹnikẹ́ni. Ẹṣin ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n báwo ni ènìyàn ṣe lè fi ipá mú ẹṣin ẹlẹ́ṣin kí ó má di olè? Bí wọ́n ti ń kó ẹṣin lọ, Evan gbé ìbọn, ó ta Vern. Wes dá ìbọn padà, Evan sì kú. Irọ́ tí wọ́n pa mọ́ wọn láàárọ̀ di òótọ́.

Àwọn àgbà ní àgùntàn tó bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Fíìmù yìí kò gba òwe náà wọlé bẹ́ẹ̀. Òru kan ṣoṣo ni àgùntàn yìí bá ajá sùn. Àwọn tó wá pa ajá ló ki ìgbẹ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Ọgbẹ́ kò jẹ́ kí Vern lè lọ jìnnà. Ó dúró lẹ́yìn láti fi ìbọn dá àwọn tó ń lépa wọn dúró. Wes nìkan ló gẹṣin lọ, fíìmù náà sì parí láìsọ bóyá ọwọ́ tẹ̀ ẹ́.