Àga Aṣojú Tó Ṣófo: Ohun Tó Ń Ṣẹlẹ̀ ní Ẹ́ńbásì Wa Bí Ìjọba Bá Yí Padà

Ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 2023, lẹ́tà kan kúrò l'Abuja, ó kọrí sí London. Yusuf Tuggar, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ló kọ ọ́. Sarafa Tunji Isola, ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn tó ń ṣojú Nàìjíríà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ ọ́ sí: Ààrẹ ní kó máa bọ̀ nílé. Ariwo lẹ́tà yẹn kò tíì lọ sílẹ̀ tí ìkéde tó tóbi jù ú lọ fi jáde. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án, Iléeṣẹ́ Ààrẹ sọ pé Bọ́lá Tinúbú ti pe gbogbo aṣojú Nàìjíríà padà, àtàwọn tó fi iṣẹ́ aṣojú ṣe iṣẹ́ ọba láti kékeré, àtàwọn tí wọ́n mú láti inú òṣèlú. Àwọn tó ń ṣojú wa ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní New York àti Geneva nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀, nítorí ìpàdé ńlá àjọ náà ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Wọ́n fún àwọn yòókù di òpin oṣù Kẹwàá láti palẹ̀ ẹrù wọn mọ́.

Kò sí àléébù nínú pé Ààrẹ tuntun fẹ́ yan ẹnu tí yóò máa bá a sọ̀rọ̀ nílẹ̀ òkèèrè. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ohun tó tẹ̀ lé e ló ń dùn mí. Oṣù Kọkànlá ọdún 2025 ni orúkọ àwọn arọ́pò tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà, ọdún méjì ó lé lẹ́yìn tí wọ́n pe àwọn ti àkọ́kọ́ padà. Nàìjíríà ní ọ́físì 109 káàkiri ayé: ẹ́ńbásì 76, High Commission 22, àti kọ́ńsúlẹ́ẹ̀tì 11. Nínú ẹ́ńbásì àti High Commission wọ̀nyẹn, èyí tó pọ̀ jù lọ ni kò ní aṣojú gan-an ní gbogbo àkókò yìí.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ńṣe ni wọ́n ti ilẹ̀kùn ẹ́ńbásì pa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Olórí nìkan ni wọ́n pè padà. Àwọn òṣìṣẹ́ tí Abuja rán lọ ṣì wà níbẹ̀, ẹni tó ń mójú tó páásípọ́ọ̀tù wà níbẹ̀, ológun tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ààbò wà níbẹ̀, títí dé orí awakọ̀ tí wọ́n gbà síṣẹ́ nílùú ọ̀hún. Ẹni tó fẹ́ tún páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ gbà ní London kò ní bá ilé náà ní títì. Àdéhùn Vienna ti ọdún 1961, tó jẹ́ òfin tí gbogbo ayé fi ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ti rí i ṣáájú: bí àga olórí bá ṣófo, adelé ni yóò máa darí ọ́físì náà. Adelé yìí sábà máa ń jẹ́ ẹni tó ga jù nínú àwọn tó kù, ọ̀pọ̀ wọn ló sì mọ iṣẹ́ náà dunjú ju olóṣèlú tí kò ṣe é rí lọ.

Ṣùgbọ́n nídìí iṣẹ́ yìí, ìmọ̀ nìkan kì í ṣílẹ̀kùn. Ipò ló ń ṣí i. Àdéhùn Vienna yìí kan náà pín àwọn olórí iléeṣẹ́ aṣojú sí ọ̀wọ́ mẹ́ta. Ọ̀dọ̀ olórí orílẹ̀-èdè ni wọ́n rán ańbásẹ́dọ̀ sí. Ọ̀dọ̀ mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni ti adelé mọ. Adelé kì í mú ìwé àṣẹ lọ síwájú ọba tàbí ààrẹ. Bí wọ́n bá pe àwọn aṣojú jọ, ẹ̀yìn àwọn ańbásẹ́dọ̀ ló ń tò sí. Bí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì bá sì dé, tó jẹ́ pé ẹni tó ń gba ààrẹ ibẹ̀ nímọ̀ràn lèèyàn gbọ́dọ̀ rí kílẹ̀ tó ṣú, ọ̀gá kékeré kan ní iléeṣẹ́ mínísítà ni wọ́n lè ní kó lọ bá. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Adelé lè ní gbogbo ọgbọ́n tí wọ́n fi ń jẹ́ iṣẹ́ bí ọmọ, àmọ́ ẹni tí wọ́n rán an sí mọ̀ pé ẹni tó rán an kò tíì pè é lọ́mọ.

Ìparí oṣù Kẹwàá ọdún 2025 mú ọ̀rọ̀ yìí jáde síta gbangba. Ní ọjọ́ 31, Donald Trump kéde pé òun ti fi Nàìjíríà sínú àwọn orílẹ̀-èdè tí Amẹ́ríkà ń fura sí gidigidi lórí òmìnira ẹ̀sìn, ó ní wọ́n ń pa àwọn Kìrìsìtẹ́nì nípakúpa. Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí àwọn ológun òun máa gbára dì. Ọ̀rọ̀ náà kò já bọ́ láti ojú ọ̀run. Trump kan náà ti fi Nàìjíríà sínú ìwé yẹn rí ní 2020, ìjọba Biden ló yọ orúkọ wa ní 2021. Ted Cruz, sẹ́nétọ̀ láti Texas, sì ti gbé àbá òfin kalẹ̀ lórí rẹ̀ láti oṣù Kẹsàn-án 2025. Iṣẹ́ ańbásẹ́dọ̀ gan-an nìyẹn: kó lọ bá irú sẹ́nétọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì tutù, kó mọ àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, kó gbé òótọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé, èyí tó dára àti èyí tó burú, síwájú wọn, kó sì ta Abuja lólobó pé ọ̀rọ̀ ti ń gbóná. Nígbà náà, Nàìjíríà kò ní ańbásẹ́dọ̀ ní Washington. N kò sọ pé ẹnì kan ṣoṣo ì bá dá Trump dúró. Ohun tó ń dùn mí ni pé nígbà tí wọ́n ń jíròrò ẹ̀mí àwọn èèyàn wa, àga wa ṣófo nílùú tí wọ́n ti ń jíròrò rẹ̀.

Oṣù kan kò pé lẹ́yìn rẹ̀ tí orúkọ mẹ́ta fi dé ilé aṣòfin: Kayode Are, Aminu Dalhatu àti Ayodele Oke. Kò pẹ́ tí orúkọ 32 mìíràn tẹ̀ lé e, lára wọn ni Mahmood Yakubu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ipò alága àjọ elétò ìdìbò INEC sílẹ̀, Femi Fani-Kayode àti Reno Omokri. Àṣé ó ṣeé ṣe látọjọ́ yìí.

Kí ló dé tí ó fi pẹ́ tó báyìí? Ìjọba fúnra rẹ̀ dáhùn. Ní 2024, Tuggar ṣàlàyé pé owó ni, pé kò wúlò láti rán aṣojú tí kò ní rówó ṣiṣẹ́. Òun náà ti ṣe aṣojú wa ní Jámánì rí, ó mọ ohun tó ń sọ. Owó òkèèrè ni wọ́n fi ń san owó ilé, owó iná, owó oṣù àti owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ òṣìṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni náírà tó wà ní nǹkan bí 460 sí dọ́là kan nígbà tí Tinúbú búra ti kọjá 1,400 kí ọdún kan tó yí po. Mo gba àlàyé yẹn. Ohun tí n kò gbà ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ lé gbogbo èèyàn kúrò lórí àga kí wọ́n tó ka owó inú àpò.

Ìwé òfin kò fipá mú ẹnikẹ́ni ṣe bẹ́ẹ̀. Apá 171 nínú ìwé òfin ọdún 1999 fún Ààrẹ lágbára láti yan aṣojú, ó ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Apá yìí kan náà dárúkọ àwọn tí iṣẹ́ wọn ń dópin lọ́jọ́ tí Ààrẹ tó yàn wọ́n bá lọ: akọ̀wé ìjọba àpapọ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ Ààrẹ fúnra rẹ̀. Kò ka aṣojú mọ́ wọn. Lójú tèmi, àwọn tó kọ òfin náà mọ̀ pé àárín orílẹ̀-èdè méjì kò gbọdọ̀ já nítorí pé ẹnì kan parí sáà rẹ̀.

Ẹ wo Simeon Adebo, ọmọ Abẹ́òkúta tó ti ṣe olórí òṣìṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ìjọba Balewa rán an lọ sí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 1962. Wọ́n pa Balewa ní oṣù Kìíní 1966, Ironsi gorí àlééfà. Wọ́n pa Ironsi ní oṣù Keje, Gowon gorí àlééfà. Adebo ṣì ń ṣojú Nàìjíríà ní New York títí di 1967. Ibrahim Gambari, ọmọ Ìlọrin, wà lórí àga kan náà láti 1990 sí 1999: Babangida rán an, Shonekan bá a níbẹ̀, Abacha bá a níbẹ̀, Abdulsalami bá a níbẹ̀. Mi ò yin ìjọba ológun, iṣẹ́ tí irú àwọn ìjọba bẹ́ẹ̀ ń rán aṣojú sì le láti jẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lókè òkun mọ ẹni tí wọ́n máa bá sọ̀rọ̀.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í fi òṣèlú da irú àga yìí láàmú ní gbogbogbòò. Catriona Laing, aṣojú wọn, dé Abuja ní 2018 nígbà tí Theresa May ń ṣèjọba. Johnson wá, Truss wá, Sunak wá, òun náà ló wà níbẹ̀ títí di 2023. Ní Amẹ́ríkà, àṣà wọn ni pé àwọn tí ààrẹ mú láti inú òṣèlú máa ń fiṣẹ́ sílẹ̀ bí ààrẹ tuntun bá wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba a sì máa bá tiwọn lọ. Trump yẹ àṣà yẹn ní oṣù Kejìlá 2025: ó pe nǹkan bí 30 lára àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wọ̀nyí padà, ọ̀pọ̀ wọn ní Áfíríkà, Richard Mills tó wà l'Abuja sì wà lára wọn.

Àwọn tí aṣòfin wa bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá yẹn kò lè kàn wọ ọkọ̀ òfurufú lọ. Abuja gbọ́dọ̀ fi orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ ní bòókẹ́lẹ́ sí ìlú tó ń lọ, kó tọrọ ìyọ̀ǹda. Ìlú náà lè kọ̀, Àdéhùn Vienna sì ní kò pọn dandan kó sọ ìdí. Bí wọ́n bá gbà, yóò tún dúró dé ọjọ́ tí wọ́n máa dá fún un láti gbé ìwé àṣẹ rẹ̀ kalẹ̀. Ní London, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ọba ni wọ́n fi ń gbé aṣojú tuntun lọ sí ààfin lọ́jọ́ náà. Gbogbo èyí ń gba oṣù.

Sáà ìjọba yìí yóò sì parí ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2027. Aṣojú tó bá débi iṣẹ́ rẹ̀ ní àárín 2026 kò ní ju nǹkan bí oṣù mọ́kànlá lọ kí ìbúra mìíràn tó wáyé. Ẹni tó bá búra lọ́jọ́ náà, ì báà jẹ́ Tinúbú tàbí ẹlòmíràn, lẹ́tọ̀ọ́ láti pe èyíkéyìí nínú wọn padà. Orúkọ arọ́pò ni kó kọ́kọ́ dé ilé aṣòfin, kí ìyọ̀ǹda sì ti dé láti òkèèrè, kí ẹnikẹ́ni tó ní kí aṣojú tó wà lórí àga di ẹrù rẹ̀.