Ewé Ẹ̀yìnkùlé àti Ìdí Tí Wọ́n Fi Ń Pín In

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀yìnkùlé kì í sábà ṣófo. Bí ilẹ̀ tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ilé kò tilẹ̀ ju ibi tí ènìyàn méjì lè tẹ́ ẹní sí lọ, ewúro yóò wà níbẹ̀, efinrin yóò wà létí rẹ̀, tẹ̀tẹ̀ yóò sì hù fúnra rẹ̀ nídìí ààtàn. Wọn kì í sábà fi owó rà wọ́n. Igi ewúro tó wà lẹ́yìn ilé kan, ilé mìíràn ni wọ́n ti gé e wá: ilé ìyá àgbà, ilé àna, tàbí ọ̀dọ̀ aládùúgbò.

Ibi tí wọ́n ń gbin nǹkan sí ní ìdí. Ewúro sábà máa ń wà nítòsí bàlùwẹ̀, nítorí omi tó ń ṣàn jáde níbẹ̀ ni yóò máa mu láti Oṣù Kọkànlá títí dé Oṣù Kẹta, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú tí tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ sì wọ́n lọ́jà. Pèrègún ni wọ́n fi ń ṣe ọgbà àti ààlà. Gígé ni wọ́n ń gé e rì mọ́lẹ̀, kì í sì í kú bọ̀rọ̀; òun ni àwọn àgbà máa ń nawọ́ sí bí ìjà ilẹ̀ bá dé.

Bí òjò bá ti ń rọ̀ déédéé, pípín dé nìyẹn. Ewúro àti gbúre, igi wọn ni wọ́n ń gé fúnni. Tẹ̀tẹ̀ àti ewédú, irúgbìn ni: wọn a fi ìdí kan tàbí méjì sílẹ̀ láìjá títí yóò fi so, wọn a gbọn irúgbìn rẹ̀ sínú aṣọ, wọn a dì í pa mọ́. Ọ̀làwọ́ nìkan kọ́ ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọgbọ́n ni pẹ̀lú. Ẹni tó fi ewúro tọrẹ ti fi tirẹ̀ pa mọ́ sílé ẹlòmíràn. Bí ewúrẹ́ bá jẹ ti ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ tán, tàbí bí àwọn bíríkìlà bá hú u níbi tí wọ́n ti ń fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀, yóò rìn lọ bá ẹni tó fún, yóò sì gba òmíràn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pe ẹni tó fi igi ewúro du aládùúgbò ní ahun.

Síbẹ̀, wọn kì í wọ ọgbà onílé já ewé láìkí i. Ọ̀pọ̀ àgbà kì í sì í já ewé lálẹ́. Wọ́n ní ewé ń sùn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ejò ń jẹ̀ lóru, ẹni tó bá sì ń já ewé àgbo nínú òkùnkùn lè já èyí tí kò yẹ.

Bí wọ́n ṣe ń sè é máa ń bá ewé lọ. Wọ́n á sọ fún ẹni tó gba gbúre pé omi ara rẹ̀ pọ̀, kí ó jẹ́ kí ata àti epo gbẹ dáadáa kí ó tó dà á sí i, kí ó má sì bu omi sí i mọ́. Ewúro, iyọ̀ ni wọ́n fi ń bó o kí ìfóòfó rẹ̀ lè jáde. Kíkorò díẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù. Ẹni tó bó o títí tí kò korò mọ́ ti bó adùn rẹ̀ nù.

Ní òkè òkun, òtútù ló ń da ètò yìí rú. Ní England àti Wales, òfin ọdún 1908 fi í lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́ láti máa yá ará ìlú ní ilẹ̀ oko kékeré, ọ̀pọ̀ ẹbí Yorùbá sì ń dá ẹ̀fọ́ níbẹ̀. Inú ilé ni wọ́n ti ń gbin irúgbìn ní Oṣù Kẹrin. Ó di ìparí Oṣù Karùn-ún kí wọ́n tó lọ́ ọ síta. Èèpo irúgbìn ewédú le, nítorí náà wọ́n máa ń dì í sínú aṣọ, wọ́n á tì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó fún ìṣẹ́jú-àáyá 5 sí 10 péré kí wọ́n tó gbìn ín. Ọ̀sán gígùn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn Britain kò pa ewédú lára, torí ibi tí ọ̀sán bá ti kúrú ló ti ń yára tanná tí ewé rẹ̀ sì ń dín kù. Ewúro gbọ́dọ̀ wà nínú ìkòkò, kí ó lè wọlé kí ọ̀gìnnìtìn tó dé. Fọ́tò ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé náà wúlò: ìyá àgbà ní Ìbàdàn lè wo fóònù kí ó sọ pé tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún ni wọ́n ń bomi rin láti ọjọ́ yìí.

Ní Brazil, pèrègún ṣì wà nínú ọgbà àwọn ilé òrìṣà, orúkọ Yorùbá rẹ̀ náà ni wọ́n sì ń pè é.

Láti ọjọ́ 14 Oṣù Kejìlá ọdún 2019, èrò ọkọ̀ òfuurufú kò lè gbé igi tàbí irúgbìn láti Nàìjíríà wọ Britain láìní ìwé ẹ̀rí ìlera ohun ọ̀gbìn. Amẹ́ríkà náà ń béèrè rẹ̀. Nítorí náà, ìlú tí ẹbí tó wà lókè òkun ń gbé ni kí wọ́n ti wá ewúro. Kí wọ́n béèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí, àti lọ́wọ́ àwọn ará Jamaica tó ń gbin irú tẹ̀tẹ̀ tiwọn, tí wọ́n ń pè ní callaloo. Bí èyí tí wọ́n gbà bá sì ti hù, kí wọ́n tètè gé lára rẹ̀ fún ẹlòmíràn kí òtútù tó dé.