Bí Koríko Ojúde Ṣe Di Iṣẹ́ Ọdún Gbogbo

Nínú agbo ilé Yorùbá àtijọ́, koríko kò ní àyè lójúde. Bẹẹrẹ ni koríko tó níyì, orí òrùlé sì ni ipò tirẹ̀. Ilẹ̀ gbalasa tó mọ́ tónítóní ni ẹ̀rí pé ilé ní olùtọ́jú. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ni àwọn ìyàwó ilé àti ọmọdé máa ń mú ọwọ̀, wọ́n á wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má baà sọ, wọ́n á sì gbá a láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí igi odán. Ọgbọ́n ńlá ló wà nínú iṣẹ́ yìí. Ejò àti àkeekèé kì í rí ibi sá pamọ́ sí lórí ilẹ̀ tí a gbá, bẹ́ẹ̀ ni iná tó ń jó igbó nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ kì í rí ohun tí yóò gbà dé ara ilé. Ohun ọ̀gbìn tó bá wà nítòsí ilé ní iṣẹ́ tó ń ṣe: pèrègún, akòko àti lápálapá ni wọ́n fi ń ṣe ọgbà, ewúro, efinrin àti tẹ̀tẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé fún ọbẹ̀ àti àgbo.

Àṣà ilẹ̀ gbígbá yìí bá àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ré kọjá òkun. Ní Georgia, ní Carolina àti káàkiri gúúsù Amẹ́ríkà, àwọn aláwọ̀ dúdú ń fi ìgbálẹ̀ ẹ̀ka igi gbá ojúde wọn títí wọ inú ọ̀rúndún ogún. Ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí ẹ̀rọ ìgékoríko ti pọ̀ lọ́jà, ni koríko bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò ilẹ̀ gbígbá lọ́wọ́ wọn.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni fífi koríko ṣe ẹwà ilé ti gbilẹ̀. Òjò máa ń rọ̀ níbẹ̀ ní gbogbo oṣù ọdún, oòrùn kò sì mú tó ti ilẹ̀ olóoru, nítorí náà koríko kì í sáábà gbẹ. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, Lancelot Brown, tí wọ́n mọ̀ sí Capability Brown, ló mú kí pápá koríko máa bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ ògiri ilé àwọn ọlọ́lá. Àgùntàn ló ń jẹ èyí tó jìnnà sí ilé. Dòjé ńlá ọlọ́wọ́ gígùn ni àwọn alágbàṣe fi ń gé ti ìtòsí. Ìdájí ni wọ́n ń gé e, nígbà tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀, torí koríko tó tutù kì í sá fún ojú irin bíi gbígbẹ. Ẹni tí kò bá lówó láti san fún ọ̀pọ̀ alágbàṣe kò lè dán an wò.

Edwin Budding ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Thrupp ló ti ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ, lẹ́bàá ìlú Stroud ní Gloucestershire, níbi tí wọ́n ti ń fi irun àgùntàn hun aṣọ. Àwọn ilé iṣẹ́ ibẹ̀ ní ẹ̀rọ kan tó ń fá irun tó bá yọ sókè lójú aṣọ kí ó lè jọ̀lọ̀. Budding rò ó pé ohun tó ń fá ojú aṣọ lè fá ojú ilẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1830, ó gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tirẹ̀. Irin ni wọ́n fi ṣe é, ó sì wúwo. Bí ẹnì kan bá ti ń tì í lọ, róbótó irin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á máa yí, àwọn kẹ̀kẹ́ eléyín á sì máa fi eré yí àwọn abẹ tí wọ́n tò yí òpó irin ká níwájú. Abẹ mìíràn dúró sójú kan nísàlẹ̀. Koríko tó bá bọ́ sáàárín wọn á já bí òwú tó bọ́ sẹ́nu àlùmọ́gàjí. Ní 1832, ilé iṣẹ́ Ransomes ní Ipswich gba àṣẹ láti máa ṣe é. Ní 1902, wọ́n gbé èyí tó ń lo ẹ́ńjìnnì bẹtiróòlù jáde. Nígbà tó yá, olùkọ́ àti akọ̀wé lásán náà lè ní koríko gígé lẹ́nu ọ̀nà.

Àwọn òyìnbó amúnisìn ló gbé àṣà yìí wá sí Nàìjíríà, ìbẹ̀rù ibà sì ràn án lọ́wọ́ gidigidi. Lẹ́yìn tí Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn ní 1897, ṣíṣán igbó yí ilé ká di ohun tí ìjọba ń tẹnu mọ́ ní ibùgbé àwọn aláwọ̀ funfun. Nígbà ìjọba Gómìnà Àgbà Lugard, wọ́n ṣe òfin ìlú ti 1917, wọ́n sì ń ya ibùgbé yìí sọ́tọ̀, pẹ̀lú ilẹ̀ òfìfo tó fẹ̀ tó 440 yáàdì láàárín rẹ̀ àti ilé àwọn ọmọ onílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Ìkòyí ní Èkó àti àwọn ibùgbé mìíràn tí ìjọba yà sọ́tọ̀, tí wọ́n ń pè ní GRA, ṣe di ibi koríko. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n wà lára àwọn tó ń gé e, wọ́n ń fi irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní langalanga gé e nínú oòrùn. Ó yẹ kí a rántí òógùn wọn. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé sí Bódìjà ní Ìbàdàn, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì kó wọ ilé GRA lẹ́yìn òmìnira. Koríko ojúde di tiwọn.

Àṣà náà dé, ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò bá a dé. Òtútù ló ń dá koríko dúró lọ́hùn-ún. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Nítorí náà, ìgbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, ní oṣù Kẹrin tàbí Karùn-ún, ni iṣẹ́ ọdún ń bẹ̀rẹ̀. Koríko méjì ló wọ́pọ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà olóoru ni carpet grass ti wá. Ewé rẹ̀ fẹ̀, ó sì lè gbé lábẹ́ ìbòòji. Bahama grass ní ewé tín-ín-rín, ó fẹ́ oòrùn ganrínganrín, ilẹ̀ Áfíríkà sì ni ilé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun yòówù tí orúkọ rẹ̀ ìbáà wí. Wọn kì í sáábà gbin irúgbìn wọn. Ìtàkùn wọn ni gádínà máa ń gé wẹ́wẹ́, yóò rì í mọ́lẹ̀ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ síra, gbòǹgbò á sì yọ láti oríkèé kọ̀ọ̀kan.

Gígé ni iṣẹ́ tó le jù, òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń ṣì ṣe. Ewé ni koríko fi ń dáná oúnjẹ rẹ̀ láti inú oòrùn; ẹni tó bá fá a dé ìdí ti gba oúnjẹ lẹ́nu gbòǹgbò, èpò á sì gba àyè náà. Kò yẹ kí gígé ẹ̀ẹ̀kan mú ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga rẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé nígbà tí òjò bá ń rọ̀ dáadáa, gígé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló dára, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan lóṣù pẹ̀lú ìbínú. Bí abẹ bá kú, ó máa ń fa ewé ya ni, orí rẹ̀ á sì pọ́n lọ́jọ́ kejì. Èyí tó bá já sílẹ̀ wẹ́wẹ́ lè wà níbẹ̀ kó jẹrà, ajílẹ̀ ọ̀fẹ́ ni. Ajílẹ̀ NPK díẹ̀ tún wúlò lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, bí ilẹ̀ bá tutù.

Nínú èpò, patanmọ́ kò ṣòro bí wọ́n bá tètè wú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò kó tó so. Dàńdá ló ń dá gádínà lágara. Ìbátan ọ̀fíò ni, ó sì ní kóró sínú ilẹ̀: bí a bá fa ewé, kóró á ṣẹ́kù, òmíràn á sì hù. Ọkọ́ kékeré ni wọ́n fi ń wa á jáde, kóró pẹ̀lú.

Ní oṣù Kẹjọ, òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀, àyè sì ń yọ láti gé ọgbà ixora àti láti palẹ̀ ẹ̀ka igi mọ́. Oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá ni ààyè ìkẹyìn láti fi ajílẹ̀ sílẹ̀ kí òjò tó lọ.

Bí ọyẹ́ bá dé, kí a jẹ́ kí koríko ga díẹ̀, kí ó lè fi òjìji ara rẹ̀ bo ilẹ̀. Omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ní òwúrọ̀, sàn ju ìwọ́nwọ́n ojoojúmọ́ tí kì í dé gbòǹgbò. Bougainvillea ní tirẹ̀ ń yọ òdòdó jù lọ nígbà yìí. Ó dunni pé owó omi ọ̀gbẹlẹ̀ ti mú kí ọ̀pọ̀ onílé fi ìńtálọ́ọ̀kì bo gbogbo ojúde, tí omi òjò kò fi rí ibi wọlẹ̀ mọ́, tí ó sì ń ya lọ sílé aládùúgbò. Koríko tó pọ́n ní oṣù Kìíní kò tíì kú dandan. Bí gbòǹgbò bá wà láàyè, òjò oṣù Kẹta á jí i. Láàárín àkókò yẹn ni wọ́n ń pọ́n abẹ, tí wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n sì ń bu iyẹ̀pẹ̀ sí ibi tó bá ti di kòtò lójúde kí omi má baà dárogún síbẹ̀ nígbà òjò.