Àìsàn Ọkọ̀ Tó Ń Lọ Tó Ń Bọ̀: Bí Ìwé Kékeré Ṣe Ń Tú Àṣírí Rẹ̀

Ní ojú ọ̀nà tó ti Àjàṣẹ́ lọ sí Kétu, tó gba Sakété àti Pobẹ̀ kọjá, ọkọ̀ pikọ́ọ̀pù ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ oníṣòwò. Òun ló ń kó ẹyìn jáde láti oko ọ̀pẹ. Òun ló ń kó gààrí, àgbàdo, ọsàn àti tòmátì lọ sí ọjà. Bí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá kú pátápátá, ìbànújẹ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí àríyànjiyàn nínú rẹ̀. Gbogbo ènìyàn rí i pé ó ti kú, mẹkáníìkì yóò sì wá ohun tó pa á.

Àìsàn tó ń da awakọ̀ láàmú jù ni èyí tó ń lọ tó ń bọ̀. Lónìí, jíà kò wọlé dáadáa. Lọ́la, ó ń wọlé bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan rí. Lálẹ́ àná, iná iwájú ń ṣẹ́jú. Láàárọ̀ yìí, ó mọ́lẹ̀ rekete. Nígbà tí ọkọ̀ bá fi máa dé iwájú mẹkáníìkì, ara rẹ̀ ti yá.

Ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò. Mẹkáníìkì tí kò fi ojú ara rẹ̀ rí àìsàn náà yóò máa méfò ni. Ó lè pààrọ̀ bátìrì. Ó lè pààrọ̀ ẹ̀rọ amúnáwá inú ọkọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní alternateur. Ó tilẹ̀ lè pààrọ̀ gíábọ́ọ̀sì, ìyẹn àpótí jíà tí àwọn mìíràn ń pè ní boîte. Lẹ́yìn gbogbo ìnáwó yìí, àìsàn náà tún padà wá. Ó sì lè jẹ́ wáyà kan ṣoṣo tí dóògún bo ẹnu rẹ̀ ló fa gbogbo wàhálà náà.

Àwọn àgbà ní bí a bá fi ẹ̀sọ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Ohun èlò tí awakọ̀ lè fi ṣe ẹ̀sọ̀ nínú ọ̀ràn yìí kò wọ́n: ìwé kékeré kan àti bírò kan ni.

Ohun tó mú kí àìsàn náà máa fara pamọ́

Ní ọdún 1968 ni ilé iṣẹ́ Peugeot ti ilẹ̀ Faransé gbé ọkọ̀ 504 jáde. Ọdún yẹn kan náà ni Toyota ti ilẹ̀ Japan gbé Hilux jáde. Ní ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot 504 ní Kaduna ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Wáyà kò pọ̀ lára àwọn ọkọ̀ àtijọ́ wọ̀nyẹn. Ọwọ́ awakọ̀ ni a sábà fi ń darí jíà wọn, irin ló sì ń ti irin.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn pikọ́ọ̀pù tó ń gba èbúté Kútọnu wọlé lóde òní yàtọ̀. Àlòkù ni wọ́n, wọ́n ti rìn jìnnà ní Yúróòpù tàbí ní Amẹ́ríkà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Jíà àwọn kan nínú wọn ń yí fúnra rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kékeré kan ló ń pàṣẹ fún gíábọ́ọ̀sì, òmíràn ń pàṣẹ fún ẹ́ńjìnnì. Ní ọdún 1986, ilé iṣẹ́ Bosch ti ilẹ̀ Jámánì fi ọgbọ́n kan han ayé, tí àwọn kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ fi lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà méjì péré. Ọgbọ́n náà ti wọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ báyìí.

Kọ̀ǹpútà kò lè ṣiṣẹ́ láìsí iná tó péye. Bí iná bá lọ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, tàbí bí ìròyìn tó ń gba inú wáyà bọ̀ bá já, kọ̀ǹpútà gíábọ́ọ̀sì yóò rò pé ewu ti dé. Yóò di jíà kan ṣoṣo mú kí gíábọ́ọ̀sì má bàa bàjẹ́. Ọkọ̀ náà yóò máa rìn, ṣùgbọ́n kò ní lè sáré, yóò sì máa ké. Nígbà tí awakọ̀ bá pa á, tó tún un tàn, kọ̀ǹpútà yóò yẹ ara rẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí iná bá ti padà bọ̀ sípò, gbogbo nǹkan yóò dára. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àìsàn tó jọ ti jíà fi lè jẹ́ àìsàn iná.

Ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ agbègbè wa náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ní àkókò ọyẹ́, erukuku ilẹ̀ pupa Sakété àti Pobẹ̀ ń wọ gbogbo ihò. Ní àkókò òjò, láti oṣù kẹta sí oṣù keje, àti láti oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá, omi ń ta sí ìdí ọkọ̀. Ní ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí, lápá Issaba, ẹrẹ̀ dúdú ń lẹ̀ mọ́ wáyà abẹ́ ọkọ̀ bí àtè. Omi wọ ibi tí wáyà ti so pọ̀, àìsàn dé. Oòrùn ràn, omi gbẹ, àìsàn lọ. Ṣùgbọ́n dóògún tí omi náà fi sílẹ̀ kò lọ.

Ohun tó yẹ kí awakọ̀ kọ

Ìgbàkígbà tí àìsàn náà bá dé, kí awakọ̀ wá ibi tó dára dúró sí, kó sì kọ nǹkan mẹ́fà yìí:

1. Ọjọ́ àti wákàtí.
2. Ojú ọjọ́: òjò, oòrùn tàbí ọyẹ́.
3. Bí ọkọ̀ ti rìn pẹ́ tó kí àìsàn tó bẹ̀rẹ̀.
4. Ẹrù tó wà lẹ́yìn, àti bí ọ̀nà ṣe rí: òkè, kòtò tàbí pẹ̀tẹ́lẹ̀.
5. Àwọn ohun tó ń lo iná lọ́wọ́: iná iwájú, ohun tó ń nu gíláàsì, fáànù.
6. Ohun tí ọkọ̀ ṣe gan-an, àti iná ìkìlọ̀ tó tàn níwájú awakọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ìwé awakọ̀ kan ṣe lè rí:

Ọjọ́ Ajé, agogo 7 alẹ́. Òjò. Mo ti rìn fún ìdajì wákàtí. Ọsàn kún ẹ̀yìn. Iná iwájú àti ohun tó ń nu gíláàsì ń ṣiṣẹ́. Jíà dúró sójú kan, iná iwájú ṣókùnkùn díẹ̀.

Ọjọ́rú, agogo 2 ọ̀sán. Oòrùn. Mo ti rìn fún wákàtí kan. Ọsàn kún ẹ̀yìn. N kò tan iná. Kò sí wàhálà.

Ọjọ́ Ẹtì, agogo 8 alẹ́. Kò sí òjò. Mo ti rìn fún ìṣẹ́jú 10. Kò sí ẹrù. Iná iwájú ń ṣiṣẹ́. Jíà tún dúró sójú kan.

Ìlà mẹ́ta péré nìyí, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹrù kọ́ ló fà á, nítorí ẹrù wà lọ́jọ́ tí kò sí wàhálà, kò sì sí ẹrù ní ọjọ́ Ẹtì. Òjò nìkan kọ́, nítorí òjò kò rọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Ooru gíábọ́ọ̀sì kọ́, nítorí ìṣẹ́jú 10 péré ni ọkọ̀ fi rìn. Ohun tó wà nínú ìgbà méjèèjì tí àìsàn dé, tí kò sì sí nínú ìgbà tí kò dé, ni iná iwájú. Nítorí náà, iná ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó tú gíábọ́ọ̀sì.

Awakọ̀ tó bá sọ pé, «Ọ̀gá, jíà ń dà mí láàmú,» fi mẹkáníìkì sínú òkùnkùn. Èyí tó bá sọ pé, «Ọ̀gá, ìgbà tí mo bá tan iná iwájú nìkan ló ń ṣe é,» ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà.

Àyẹ̀wò tó yẹ kó ṣáájú

Àyẹ̀wò tí kò náni ní owó púpọ̀ ló yẹ kó ṣáájú. Kí a kọ́kọ́ wo orí bátìrì méjèèjì. Bí ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé bá wà níbẹ̀, tàbí bí irin tó di orí náà mú bá ń mì, kí a tú u, kí a nù ún, kí a sì dì í le. Wáyà dúdú, èyí tó so mọ́ àmì ìyọkúrò (–), ni kí a kọ́kọ́ tú, òun náà ni kí a so kẹ́yìn. Kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá nítòsí bátìrì, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ lè gbiná.

Lẹ́yìn náà, kí a lo ẹ̀rọ tí a fi ń wọn iná, èyí tí wọ́n ń pè ní multimètre. Bátìrì tó yó, tí ọkọ̀ rẹ̀ sì ti sinmi, yẹ kó fi nǹkan bí fólìtì 12,6 hàn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀, ó yẹ kó wà láàárín 13,5 sí 14,7. Bí kò bá kúrò ní 12, ẹ̀rọ amúnáwá kò bọ́ bátìrì.

Àyẹ̀wò kẹta ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé. Òun ni ti wáyà masse, ìyẹn wáyà tó so bátìrì mọ́ ara irin ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì. Iná tó jáde láti inú bátìrì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà sílé. Bí ọ̀nà ìpadà yìí kò bá dán mọ́rán, iná yóò wá ọ̀nà mìíràn, kọ̀ǹpútà yóò sì dàrú. Kí a tan ẹ́ńjìnnì àti iná iwájú. Kí a fi ẹnu ẹ̀rọ ìwọ̀n kan kan àmì ìyọkúrò bátìrì, kí a fi ìkejì kan irin ara ọkọ̀ tí ọ̀dà kò bò. Ohun tí a bá rí kò yẹ kó ju 0,2 lọ. Bí ó bá tó 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ibi tí wáyà náà ti so mọ́ irin ti bàjẹ́. Kí a tú u, kí a ha dóògún kúrò títí irin yóò fi dán, kí a sì dì í padà.

Lẹ́yìn èyí, kí a fi ọwọ́ mi àwọn wáyà àti ẹnu ìsopọ̀ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ tí ọkọ̀ sì dúró. Kí ọwọ́ àti aṣọ jìnnà sí bẹ́líìtì àti fáànù. Bí iná bá ṣẹ́jú tàbí bí ẹ́ńjìnnì bá kọsẹ̀ nígbà tí a mi ọ̀kan, a ti rí ibi tí àìsàn náà wà.

Nígbà tí ọ̀ràn bá jẹ́ ti jíà lóòótọ́

Àìsàn gíábọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ní àmì tirẹ̀. Nínú ọkọ̀ tí jíà rẹ̀ ń yí fúnra rẹ̀, kí a wo òróró gíábọ́ọ̀sì bí ìwé ọkọ̀ náà ṣe là á sílẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn ló ní ọ̀pá ìwọ̀n. Bí òróró náà bá dúdú, tó sì ń rùn bí ohun tó jóná, inú gíábọ́ọ̀sì ti ń jẹ. Bí ó bá dín kù, jíà lè máa yọ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè. Nínú ọkọ̀ tí ọwọ́ ń yí jíà rẹ̀, wáyà tó wà lára gíábọ́ọ̀sì kò tó nǹkan. Bí jíà bá ń fò jáde nígbà tí ẹrù pọ̀, irin ni kí a wò, kì í ṣe wáyà.

Ẹ̀rọ kékeré kan tún wà tó ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ rántí. Láti ọdún 1996 ni òfin ti sọ ihò kan náà di dandan lára àwọn ọkọ̀ kékeré tuntun ní Amẹ́ríkà, níbi tí a ń ti ẹ̀rọ náà bọ̀. Ẹ̀rọ náà ń fi àmì hàn. P0562 ń sọ pé iná inú ọkọ̀ ti lọ sílẹ̀ jù. P0700 ń sọ pé kọ̀ǹpútà gíábọ́ọ̀sì ní ẹjọ́ láti rò. Kò sọ pé gíábọ́ọ̀sì ti kú. Kí awakọ̀ kọ àmì náà sínú ìwé rẹ̀ kí wọ́n tó pa á rẹ́. Bí P0562 àti P0700 bá jáde pọ̀, iná ni kí a kọ́kọ́ bá wí.

Ewu tó wà nínú àìkíyèsí

Ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ owó lọ. Iná tó ń ṣẹ́jú lónìí lè kú lójijì lọ́la, ní ọ̀gànjọ́ òru, níwájú ẹni tó ń gun alùpùpù bọ̀. Àwọn mìíràn, bí fúúsì bá ń já lemọ́lemọ́, wọn a fi èyí tó tóbi jù tàbí wáyà lásán rọ́pò rẹ̀. Fúúsì ni olùṣọ́ wáyà. Bí a bá mú olùṣọ́ kúrò, wáyà ni yóò jóná, ọkọ̀ àti ẹrù sì lè bá a lọ.

Lẹ́yìn àtúnṣe, kí awakọ̀ má tíì ti ìwé rẹ̀ mọ́ àpótí. Àìsàn tó ń lọ tó ń bọ̀ lè lọ fún ọ̀sẹ̀ kan láìjẹ́ pé ó ti sàn. Kí ó wa ọkọ̀ náà ní irú àkókò tí àìsàn máa ń dé: lálẹ́, pẹ̀lú iná iwájú, nínú òjò. Kí ó máa kọ ohun tó rí. Bí jíà bá yí bó ti yẹ ní gbogbo ìgbà wọ̀nyẹn, nígbà náà ni a tó lè sọ pé ọkọ̀ náà ti sàn. Kí ó kọ ohun tí wọ́n tún ṣe, ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe àti iye tó san sí ìsàlẹ̀ ojú ewé náà. Bí awakọ̀ mìíràn bá gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, kó fún un ní ìwé náà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́.