Fọ̀, mọ́ àti pa: ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta nínú ìtọ́jú ẹ̀rọ awonú

Ní Massè, ní kọmúùnù Adja-Ouèrè, Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ nọ́ọ̀sì níṣẹ́, ṣùgbọ́n Nàgó àti Ọ̀họ̀rí wà lára èdè tí aláìsàn ń sọ sí i. Faransé ya laver, désinfecter àti stériliser sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú Yorùbá, ó rọrùn láti sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di "fọ̀ ọ́ kó mọ́". Mo fẹ́ fi ẹ̀rọ kan ṣàlàyé ìdí tí èyí kò fi tó.

Ẹ̀rọ tí mo pè ní awonú níhìn-ín jẹ́ ọ̀pá gígùn tó rọ̀ bí okùn. Dókítà ń tì í gba ọ̀fun tàbí ìdí láti wo inú ikùn àti ìfun. Ihò tóóró wà nínú rẹ̀. Bí a bá lò ó fún ẹnì kan tán, a óò tún lò ó fún ẹlòmíràn. A kò lè sè é bí abẹ irin, nítorí ooru yóò ba rọ́bà rẹ̀ jẹ́.

Ẹ wo àpẹẹrẹ wọ̀nyí:

(1) Ó fọ aṣọ náà, ṣùgbọ́n kò mọ́.
(2) Ó fọ aṣọ náà mọ́.
(3) *Ó fọ aṣọ náà mọ́, ṣùgbọ́n kò mọ́.

Fọ̀ ń sọ iṣẹ́ tí a ṣe; mọ́ ni ó ń sọ àbájáde. Ṣùgbọ́n ojú ni ẹlẹ́rìí mọ́. Omi inú àmù lè mọ́ gaara, kí ara àmù náà sì máa yọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò àìfojúrí ṣe ń so mọ́ inú ihò awonú, tí wọ́n á fi ohun yíyọ̀ bo ara wọn, tí oògùn kò ní ráyè dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ìdí nìyí tí fọ̀ fi gbọ́dọ̀ ṣáájú pa. Glutaraldehyde, oògùn apakòkòrò kan tí wọ́n ń lò, máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ àti itọ́ tí a kò kọ́kọ́ fọ̀ kúrò gan mọ́ ara ẹ̀rọ.

Ní Los Angeles, ní oṣù kejì ọdún 2015, ilé ìwòsàn Yunifásítì California kéde pé ènìyàn 7 kó kòkòrò tí oògùn kò ràn láti ara irú awonú kan. Ó ṣeé ṣe kí ó wà lára ohun tó pa 2 nínú wọn. Irin kékeré kan wà lẹ́nu irú awonú yìí, búrọ́ọ̀ṣì kò sì lè dé ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa. Ilé ìwòsàn náà ní àwọn tẹ̀lé ìlànà olùṣe ẹ̀rọ. Wọ́n fọ̀ ọ́. Lójú, ó mọ́. Kòkòrò kò kú tán.

Nítorí náà, mo dábàá pé kí a má fi mọ́ parí ìtọ́ni. Ìtòtẹ̀léra ọ̀rọ̀-ìṣe wa ti ń tẹ̀lé ìtòtẹ̀léra iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí a lò ó:

(4) Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ ṣan án, ẹ rẹ ẹ́ sínú oògùn apakòkòrò, ẹ tún ṣan án, ẹ jẹ́ kó gbẹ.

Gbẹ ṣe pàtàkì: bí omi bá sùn nínú ihò náà, kòkòrò tó kù yóò pọ̀ sí i kí ilẹ̀ tó mọ́.